Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò sọ

Ọ̀ràn tí ó mú wa dìde lónìí kì í ṣe ti ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó-orí. Ọ̀ràn èdè tí ń bẹ lẹ́nu àwọn ọmọ wa ni.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà náà kò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí wọ́n fi fagi lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Wọ́n ní láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ìdí tí Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, sọ ni pé níbi tí a ti ń fi èdè abínibí kọ́ni, àwọn ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

A kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ojú àgbẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Àgbẹ̀ kì í gbin iṣu lónìí, kí ó wà á lọ́la, kí ó sì wí pé iṣu náà kò ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó ìdánwò WAEC ní ọdún 2025 ti jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà ọdún 2022 tó dé. Lóòótọ́, láti ọdún 1977 ni ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ti wí pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín mọ iye ilé-ìwé àdúgbò yín tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rí tí ó dájú kò jìnnà sí wa. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ kan jọ, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ fún wọn, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Nígbà tí a fi àwọn méjèèjì wéra, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ tí ó kù.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ nìyí, ẹ má sì bínú sí wa. Àwa Yorùbá tí a ń ké pé Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹnu ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a wo ìwà tiwa náà. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Èyí kò ní àríyànjiyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ti pẹ́ jọjọ tí àwọn Ègùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ògù, ti ń bá wa gbé ní etí ọ̀sà, láti àwọn abúlé apẹja títí dé Àgbádárìgì. Èdè wọn kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá. Ìbátan èdè Fọ̀n ni. Òun ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́, tí ayé ń pè ní Porto-Novo. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 ni ó sọ ará ilé kan náà di ará ìlú méjì.

Ní ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé gbogbo ní Ìpínlẹ̀ Èkó. A yọ̀, ó sì tọ́ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ègùn tí ó ti abúlé etí omi wá sí kíláàsì kìíní, ẹrù méjì ni a gbé lé e lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá dákẹ́, a ó wí pé olódo ni. Ǹjẹ́ olódo ni, tàbí àwa ni a kò fi èdè tí ó gbọ́ bá a sọ̀rọ̀?

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n. Ní ilé-ìwé míṣọ̀n tí a lọ, ẹni tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn. Ó dùn wá. Síbẹ̀, bí a bá jáde sí pápá, àwa kan náà ni a ń fi ọmọ Ègùn tí ó wà láàárín wa ṣe ẹlẹ́yà, títí ó fi pa èdè rẹ̀ tì. A tún pàdé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò lè kí ìyá bàbá wọn kí ó yé ìyá àgbà náà. Ojú tì wá.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkíní, ní ilé-ìwé tí ọmọ Ègùn bá ti pọ̀, ní Ọ̀jọ́ tàbí ní Àgbádárìgì, kí olùkọ́ tí ó gbọ́ Ègùn wà ní kíláàsì kìíní sí ìkẹta. Èkejì, kí ìjọba tẹ ìwé kíkà Ègùn, kí Yunifásítì Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ìjànikin sì kọ́ olùkọ́ èdè náà ní iye tí yóò tó. Ẹ̀kẹta, kí Yorùbá má kúrò ní ipò rẹ̀ nítorí àṣẹ ọdún 2025. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 97, gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè tí a ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí aṣòfin bá lè lò ó, kí ni ó ṣe tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè lò ó?

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò béèrè pé, Okokomáíkò ńkọ́, níbi tí ọmọ Ìgbò, ọmọ Íjọ̀ àti ọmọ Yorùbá ti ń jókòó lórí àga kan náà? Òótọ́ ni, olùkọ́ kan kò lè fi èdè márùn-ún kọ́ni. Níbẹ̀, iṣẹ́ náà di ti ilé. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi èdè yín bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti orí ìkókó. Bí bàbá bá jẹ́ Ègùn tí ìyá sì jẹ́ Àwórì, kí olúkúlùkù máa sọ tirẹ̀. Ọmọ yóò gbọ́ méjèèjì. Bí ó bá da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe fi ṣẹ̀sín; yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ó ti ń dàgbà. Bí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn, ẹ fi tiyín dá a lóhùn padà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sórí ebè kan náà. Àgbàdo kì í pa ẹ̀gẹ́; àkókò wọn ni ó yàtọ̀, ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń bọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èdè méjì lẹ́nu ọmọ.

Ẹgbẹ́ wa kò lè béèrè ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ Àbújá, kí ó sì fi ẹ̀tọ́ kan náà du aládùúgbò rẹ̀. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ yín jókòó, kí ẹ sì sọ ìtàn kan fún un ní èdè ìyá yín.