Ẹ Da Omi Ẹ̀fọn Nù Kí Ọjà Tó Tún Pé

Ìgbà òjò ni ibà máa ń dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró jù lọ. Bí bàbá bá dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí ó yẹ kí ó ro oko, koríko kì í dùbúlẹ̀ dè é. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa lónìí fi dá lórí àwọn kòkòrò tí ń kó àrùn wọ ilé wa, pàápàá ẹ̀fọn àti eṣinṣin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀fọn ti ń wá. Ojú omi àti etí omi ni ó ń yé ẹyin sí. Ẹyin á di tanwíjí, tanwíjí á sì di ẹ̀fọn tí ń fò. Ní ilẹ̀ wa tí ó móoru yìí, gbogbo rẹ̀ lè parí láàárín nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14. Bí a bá da omi náà nù kí ọjọ́ 7 tó pé, tanwíjí á kú. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀fọn kì í ṣe oríṣi kan o. Èyí tí ń gbé ibà kiri fẹ́ràn omi tí ó dúró lójú oòrùn: kòtò tí a ti wa amọ̀ ilé, ipa táyà ọkọ̀ akẹ́rù, ojú ẹsẹ̀ màlúù létí odò. Òru ni ó ń jẹni. Ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ dí irú kòtò bẹ́ẹ̀, tàbí kí ẹ la ọ̀nà kí omi inú rẹ̀ lè ṣàn lọ. Ẹni tí ó ní adágún ẹja, kí ó máa ro etí rẹ̀, kí ẹja epìyà lè rí tanwíjí jẹ.

Oríṣi kejì ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, ojúmọmọ ni ó sì ń jẹni. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njú. Inú àmù, dúrọ́ọ̀mù, agolo, táyà àlòkù àti abọ́ omi adìẹ ni ó ń yé sí. Nínú oko kòkó pẹ̀lú, èèpo kòkó tí ó ṣíjú sókè máa ń gba omi òjò bí abọ́. Ẹ da ojú wọn dé, tàbí kí ẹ sá wọn gbẹ, kí ẹ sun wọ́n fún eérú ọṣẹ dúdú. Ẹ máa bo ẹnu àmù àti dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá da omi inú wọn nù, ẹ fi kànrìnkàn fọ ara wọn nínú, nítorí ẹyin ẹ̀fọn yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ti eṣinṣin, ìgbẹ́ adìẹ, ààtàn àti ṣáláńgá tí kò ní ọmọrí ni ilé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wá bà lé oúnjẹ wa, tí ó ń kó ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì wá. Ẹ máa kó ìgbẹ́ adìẹ jìnnà sí ilé, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ajílẹ̀ ni, àgbàdo yín ń fẹ́ ẹ.

Báwo ni a ó ṣe máa rántí? Ẹ lo ọjọ́ ọjà. Bí ọjà yín bá jẹ́ ọrọọrún, kí gbogbo ilé da omi nù, kí wọ́n sì gbá àyíká, ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjà. Ẹ̀fọn kò ní ráyè dàgbà. Bí ó bá jẹ́ ọjà ìsán, ìyẹn ti pẹ́ jù. Ẹ tún fi ọjọ́ kan sí àárín. Kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò máa yí ilé ká wò, nítorí ẹ̀fọn kò mọ ààlà ilé.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: ẹ má ṣe gbé oògùn oko wọ yàrá. Mo mọ bàbá kan tí ó fọ́n ìyókù oògùn kòkó sí yàrá nítorí ẹ̀fọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì sùn síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń bì, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ọlọ́run ló yọ wọ́n nílé ìwòsàn. Ọtapiapia náà kò yàtọ̀. Dichlorvos ni wọ́n sábà ń fi ṣe é. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títà dichlorvos inú ìgò kékeré.

Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì olóògùn ni kí tọmọdé tàgbà sùn. Bí ẹ bá gba tuntun, ẹ sá a sí ibi òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó ta á. Ẹ má fi pa ẹja, ẹ má fi sọgbà ewébẹ̀. Bí ara ọmọ bá sì gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjà tí ń bọ̀ yìí. Ire oko á jẹ́ tiwa o. Ó dìgbà kan ná.