Ìṣirò Owó Ìjọba Ìbílẹ̀: Iṣẹ́ Ta Ni?



A kò wá láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ọ̀rọ̀ owó ni ó gbé wa wá, owó tí í ṣe ti gbogbo wa. Kò sí ẹni tí kò mọ èsúsú nínú wa. Ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni a ti ń ka owó èsúsú. Ẹni tí ó kó o mọ iye tí ó kó, ẹni tí ó sì kàn mọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè kì í ṣe ọ̀tá. Èé ti ṣe, nígbà náà, tí a fi ń tijú láti béèrè owó ìjọba ìbílẹ̀?

Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà, bí a bá ka mẹ́fà ti Àbújá mọ́ ọn. Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun 30, Èkó 20, Ògùn 20, Oǹdó 18, Èkìtì 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 137. Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999, ní ìsọ̀rí 162, ní kí owó wọn gba inú àpò àjùmọ̀ní tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa san owó náà fún ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí owó ń gbà ni ìdájọ́ yìí yí padà. Kò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ kan, tí ó bọ́ sí ọwọ́ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò wò, kí ni èrè wa?

Lóòótọ́, ìjọba ní àwọn ayẹ̀wé-owó-wò tirẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìwé lè pé kí iṣẹ́ má pé: kí rìsíìtì wà, kí ìbọwọ́lùwé wà, kí kànga ẹ̀rọ má sì pọn omi kan ṣoṣo jáde. Ìyàwó ilé tí ó gbé korobá lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ mọ ohun tí ìwé kò sọ.

Ẹ wo ìpínlẹ̀ Rajasthan ní ilẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1994, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àti alágbàṣe tí à ń pè ní MKSS bẹ̀rẹ̀ sí í pe ará abúlé jọ ní gbangba, wọ́n sì ń ka ìwé owó iṣẹ́ ìjọba sí etígbọ̀ọ́ wọn. Nígbà náà ni a gbọ́ orúkọ òkú láàrin àwọn tí a kọ pé wọ́n gba owó iṣẹ́, a sì gbọ́ orúkọ ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí. Ní ọdún 2005, òfin iṣẹ́ ìgbèríko ilẹ̀ náà pàṣẹ pé kí ìpàdé abúlé fúnra rẹ̀ máa yẹ iṣẹ́ wò.

Àwa náà kò ṣe aláìní òfin. Láti ọdún 2011 ni a ti fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, tí a sì ní kí ìdáhùn dé láàrin ọjọ́ 7. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹ̀ka Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn márùn-ún, obìnrin ọjà kan ó kéré tán láàrin wọn. Kí wọ́n béèrè ohun mẹ́rin lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: èló ni a fọwọ́ sí, èló ni a ti san, ta ni a san án fún, kí ni ó sì wà nílẹ̀? Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ibi iṣẹ́, kí wọ́n sì wá ka ohun tí wọ́n rí ní gbangba.

Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ dárí jì wá bí a bá sọ èyí tí ó kù. Ìgbìmọ̀ lọ́balọ́ba pẹ̀lú ń gba ìpín nínú owó yìí. Bí àgbà bá gba tirẹ̀ tí kò sì béèrè ti ìlú, ẹnu rẹ̀ yóò wúwo ní ọjọ́ tí ó bá yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti ààfin, kò sì sí alága tí yóò lè kọ̀ ọ́ fún wa.