Ọwọ́ Ta Ló Wà Lọ́rùn? Àwọn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Èémí Tó Sé

Bí eegun ẹja bá há ọmọdé lọ́fun, Gẹ̀ẹ́sì a ní ó “choke”. Bí ọkùnrin kan bá fún ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn títí òòyì fi kọ́ ọ, “choke” kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì á tún lò. Ìjàǹbá àti ìwà ọ̀daràn wá ń jẹ́ orúkọ kan. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nínú ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí Gẹ̀ẹ́sì ní fún èémí tó sé, ìyàtọ̀ tó wúwo jù lọ ni bóyá ọ̀rọ̀ náà ń fi ọwọ́ ẹni tó ṣe é hàn wá, tàbí ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sì ti kúrò lára ọrùn gidi, tó di àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ọwọ́ náà kì í pẹ́ pòórá.

N kò ní pẹ́ lórí orísun wọn. “Strangle” gba ọwọ́ Látìnì àti Faransé wá láti èdè Gíríìkì, okùn ọrùn ló sì wà nídìí rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ló wà nínú “suffocate” àti nínú “throttle”. “Asphyxia” tí àwọn dókítà fẹ́ràn kò mẹ́nu ba ọ̀fun rárá: ohun tó ń sọ ní Gíríìkì ni pé iṣan ọrùn ọwọ́ kò lù mọ́. Ìdílé kan tún wà tó yani lẹ́nu. “Anger” tó jẹ́ ìbínú, “anxiety” tó jẹ́ àníyàn, “anguish” tó jẹ́ ìrora ọkàn, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ti hù, gbòǹgbò tó ń jẹ́ kí nǹkan fún mọ́ni pinpin. Nígbà tí dókítà William Heberden sọ̀rọ̀ nílùú London ní 1768 nípa àìsàn tó ń fún àyà àwọn aláìsàn rẹ̀, inú ìdílé yìí ló ti mú orúkọ “angina”. Nínú ìdílé yìí, ìfúnpinpin nìkan ló ṣẹ́ kù. A kò mọ ẹni tó ń fún ni.

Ọ̀rọ̀ tó fi bí ọwọ́ náà ṣe ń pòórá hàn kedere jù lọ ni “burke”. Ní ìlú Edinburgh, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nílò òkú tí wọn ó là wò, èyí tí òfin fàyè gbà kò sì tó wọn. Ní ìparí 1827, ẹnì kan tó háyà yàrá kú sí ilé William Hare, ó sì jẹ gbèsè. Hare àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, William Burke, gbé òkú náà lọ sí iléèwé dókítà Robert Knox, wọ́n sì gba pọ́n-ùn méje àti ṣílè mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n rí i pé owó wà níbẹ̀, wọn kò dúró de ikú mọ́. Kí ọdún 1828 tó parí, ènìyàn 16 ni wọ́n ti pa. Ọgbọ́n wọn ni pé wọ́n á fún ẹni náà lọ́tí mu yó, wọ́n á fi ara tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì di ẹnu àti imú rẹ̀ pa. Kò sí ojú ọ̀bẹ, kò sí àpá okùn tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí. Hare jẹ́rìí ta ko ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́. Wọ́n yẹgi fún Burke ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní, 1829, àwọn dókítà sì la òkú tirẹ̀ náà. Egungun rẹ̀ ṣì wà ní Yunifásítì Edinburgh títí dòní.

Láìpẹ́, orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí a “burke” ènìyàn ni kí a sé e léèémí láìsí àpá. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sẹ́nu àwọn olóṣèlú: tí ìjọba bá tẹ ìwádìí kan rì láìpariwo, wọ́n ní wọ́n “burke” rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kà sílẹ̀, èyí nìkan ló gbé orúkọ apànìyàn sínú ara rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ tó lò ó kò sì rántí pé ọkùnrin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, áḿbọ̀sìbọ́sí àwọn òtòṣì tó pa.

Ọ̀rọ̀ yòókù rìn jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. “Throttle” di ilẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì, ṣíṣí i tán sì di eré àsápajúdé. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, láti ìgbà tí Davido ti sọ “E choke” di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 2021, ìyìn ni. N kò bínú sí èyí, èdè a máa ṣeré. Èyí tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n ni ti pápá ìṣeré ní Amẹ́ríkà àti Bìrìtìkó: eléré tó pàdánù lásìkò tó yẹ kó borí, wọ́n á ní ó “choke”. Kò sẹ́ni tó fún un lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ ni olùwà gbólóhùn, òun náà ló jẹ̀bi.

Ẹnì kan lè sọ pé orísun ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀, pé kò sí ẹni tó ń ronú kan okùn Gíríìkì nígbà tó bá ń sọ “strangle”. Òótọ́ ni, n kò sì gbé àríyànjiyàn mi lé orísun. Orí gírámà òde òní ni mo gbé e lé. “She choked” pé pérépéré láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀. “She strangled” kò pé bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé obìnrin náà ló fún ẹlòmíràn lọ́rùn, á sì béèrè ta ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé atúmọ̀ èdè lásán. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje, 2014, ní Staten Island nílùú New York, ọlọ́pàá kan fi apá kọ́ Eric Garner lọ́rùn láti ẹ̀yìn. Ìgbà mọ́kànlá ni ọkùnrin náà sọ pé òun kò lè mí, kó tó dákẹ́. Ìlànà àwọn ọlọ́pàá New York ti ka “chokehold” léèwọ̀ láti 1993. Nítorí náà, orúkọ ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá ń jà sí, wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ni.

Àwọn dókítà lè dá mi lóhùn pé iṣẹ́ tiwọn nílò ọ̀rọ̀ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, àti pé “asphyxia” wúlò nítorí pé kò dá ẹjọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n dókítà ìjọba tó yẹ òkú Garner wò kò dúró síbẹ̀. Ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọrùn àti àyà, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ lọ́tọ̀ pé ikú náà ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tó gbọ́ ẹ̀rí kò fi ẹ̀sùn kan ọlọ́pàá náà. Ọdún 2019 ni wọ́n tó lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí dókítà náà ṣe ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọ̀rọ̀ tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni má ṣe dá dúró.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ti kọ́ èyí. Fífún ènìyàn lọ́rùn kì í sábà fi àpá sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ìlùkulù kékeré tẹ́lẹ̀. Òfin lórí ìwà ipá inú ilé ti 2021 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún márùn-ún. “Strangulation” àti “suffocation” ni òfin náà dárúkọ. Kò lo “choke”.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin ògbufọ̀ ilé ẹjọ́. Tí ẹlẹ́rìí bá ní “I was choked”, Yorùbá kò ní gbà yín láyè láti fi í sílẹ̀ láìyan ọ̀kan: bóyá nǹkan há a lọ́fun, bóyá omi tá a lórí, tàbí wọ́n fún un lọ́rùn. Àmọ́ kí a má yangàn jù, torí “wọ́n” tiwa náà ní ibi tó ń bò. “Wọ́n fún un lọ́rùn” gbà pé ọwọ́ wà níbẹ̀, kò sì sọ ọwọ́ ta ni. Ẹnì kan lè ṣe é, ogún ènìyàn lè ṣe é. Ògbufọ̀ tó bá gbọ́ “wọ́n” lẹ́nu obìnrin tó ń jẹ́rìí níwájú adájọ́, tó sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní olùṣe gbé e kalẹ̀, ti mú ọwọ́ náà kúrò lọ́rùn rẹ̀ pátápátá. Kó tó túmọ̀ rẹ̀, kó tọrọ ààyè lọ́wọ́ adájọ́, kó sì bi obìnrin náà pé àwọn wo ni “wọ́n”.