Ilé Àwọn Àgbà ní Ẹ̀bá Oko

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àìsọ rẹ̀ ni yóò bà wá jẹ́.

Àwọn baba wa wí pé, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò tíì di irọ́. Ṣùgbọ́n òkété wà ní oko, ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sí Èkó tàbí ìlú òyìnbó. Ní àtijọ́, ará Ìbàdàn tí ń gbé oko a máa ní agboolé rẹ̀ nínú ìlú. Nígbà tí agbára bá tán, ibẹ̀ ni í padà sí, sí àárín ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ agboolé, àwọn ọmọ ilé ti kó jáde, ayálégbé ni ó wà ní iyàrá wọn. Arúgbó kò rí ibi padà sí mọ́.

Ọwọ́ àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ìyá tí ó bí wa ń gbé abúlé kan ní ìhà Lálúpọn. A ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, a sì rò pé a ti ṣe ojúṣe ọmọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò bá a nílẹ̀ ní ẹ̀bá ààrò. Láti alẹ́ àná ni ó ti ṣubú, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ igbe rẹ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n kò tún rìn mọ́. Owó wa wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Owó kò lè gbé ènìyàn dìde.

Àwọn kan nínú yín yóò wí pé ilé arúgbó jẹ́ àṣà òyìnbó, pé ìtìjú ni fún ọmọ Yorùbá. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n níbo ni ìtìjú wà: nínú ilé tí a kọ́ fún àgbà ni, tàbí ní ilẹ̀ tí àgbà sùn mọ́jú?

Iṣẹ́ yìí kò ṣe àjèjì nínú Ìjọ. Ní Winchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bíṣọ́ọ̀bù Henry ti Blois dá ilé St Cross sílẹ̀ ní nǹkan bí 1132 fún aláìní ọkùnrin 13. Àgbà ṣì ń gbé ibẹ̀ dòní. Ní ilẹ̀ Faransé, ní 1839, obìnrin tálákà kan, Jeanne Jugan, gba arúgbó afọ́jú kan sílé, ó sì fún un ní ibùsùn tirẹ̀. Agbọ̀n ni ó ń gbé láti ilé dé ilé láti fi bọ́ àwọn tí ó tún gbà. Ní Mushin l'Ékòó, Ìjọ Àgùdà ní ilé Regina Mundi fún àwọn àgbà. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, ilé ìwòsàn UCH ṣí ibi ìtọ́jú àgbà ní 2012. A dúpẹ́, ṣùgbọ́n ibi ìwòsàn ni, kì í ṣe ilé gbígbé, ó sì jìnnà sí ẹni tí ń gbé ẹ̀yìn Àkànràn.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí àwọn ìjọ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà dá owó jọ. Kí ẹ̀yin baálẹ̀ fún wa ní ilẹ̀, kì í ṣe nínú igbó, bí kò ṣe ní ẹ̀bá ọjà, kí àgbà lè máa rí ènìyàn. Kí olúkúlùkù ní iyàrá tirẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì àti alásè wà níbẹ̀. Kí owó ilé mọ ní ìwọ̀n agbára ìdílé. Kí ẹni tí kò ní ọmọ má san kọ́bọ̀. Kí a má bèèrè bí ó jẹ́ Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ tàbí oníṣẹ̀ṣe. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ tí ó bá mú òbí rẹ̀ wá yóò máa wá wò ó. Nítorí ilé yìí kò ní gba ipò ọmọ, ọwọ́ ni yóò fi kún ọwọ́ ọmọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè. Ọwọ́ tí ó ti bá wa dé pẹpẹ nígbà èwe wa ni ó ń gbọ̀n báyìí. A ń dúró de baálẹ̀ tí yóò kọ́kọ́ dìde láti wí pé, "Ilẹ̀ nìyí." Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ogbó wa dára. Àmín.