Fífi Kẹ̀kẹ́ La Ilẹ̀ Bìrìtéènì Já

Bí ẹnikẹ́ni bá ní i lọ́kàn láti fi kẹ̀kẹ́ la ilẹ̀ Bìrìtéènì já, láti Land's End dé John o' Groats ní àríwá, ọ̀nà tí ó tó ibùsọ̀ 874, gúúsù ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti sábà máa ń fẹ́ wá; yóò máa ti onítọ̀hún lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ yìí gan-an ni ìyọnu wà. Òkè Skọ́tíláǹdì ni àlejò máa ń bẹ̀rù. Lóòótọ́ ó ga, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ rọra ń gòkè ni. Ti Cornwall àti Devon kúrú, ó sì dúró ṣánṣán. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kan ni òmíràn ń pàdé ẹni. Ẹni tí ó bá sáré ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, orúnkún rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Ní 1886, G. P. Mills fi ọjọ́ 5 ó lé díẹ̀ parí ìrìn yìí lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga fíofío. Ẹ má ṣe bá a díje. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ 2 ni kí ẹ yà sọ́tọ̀, ìyẹn bí ibùsọ̀ 62 lóòjọ́, kí ó sì dín sí i ní Cornwall. Ibi tí agbára ẹsẹ̀ kò bá ti gbé e mọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́.