Owó-Orí Lórí Iṣẹ́ tí A Gbé Fún Àjèjì

Nígbà tí òfin bá ní kí àjèjì tí ó bá wa ṣiṣẹ́ láti òkè òkun san owó-orí fún ìjọba Nàìjíríà, ta ni ó ń san án ní tòótọ́?

Òfin ní kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ti ìmọ̀ràn fún ẹni tí kì í gbé ìlú wa yọ ìdámẹ́wàá owó iṣẹ́ náà fún ìjọba, kí ó tó fi ìyókù ránṣẹ́. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú ìwé àdéhùn wò. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé oníṣòwò kan ní Ìkẹjà fẹ́ kí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè tún ètò ìṣirò owó òun ṣe. Wọ́n ní 9,000 dọ́là ni àwọn ń gbà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó náà gbọ́dọ̀ tẹ àwọn lọ́wọ́ pérépéré, owó-orí yòówù tí ìjọba ìbáà bù lé e. Ará Ìkẹjà ní láti ka iṣẹ́ náà sí 10,000, kí ó fi 1,000 fún ìjọba láti inú àpò ara rẹ̀, kí ó sì tún san VAT, owó-orí orí ọjà àti iṣẹ́, ní 7.5%, tí í ṣe 750 dọ́là, nítorí láti ìgbà Òfin Ìṣúná ti 2019 ni ẹni tí ó ra irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di agbowó fún ìjọba. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ń bá ná ọjà ni à ń wò, a kì í wo ariwo ọjà: àjèjì ni òfin ń ké mọ́, àpò ará Ìkẹjà ni owó ti ń jáde.

Òfin owó-orí tuntun, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026, gba oníṣòwò tí ń gba VAT lórí ọjà rẹ̀ láyè láti yọ èyí tí ó san lórí iṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo yin ìjọba fún un. Ṣùgbọ́n 1,000 yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

N kò ní kí a pa owó-orí náà rẹ́, nítorí ìjọba tí kò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń jèrè lára rẹ̀ ń fi ogún ọmọ rẹ̀ tọrẹ. Síbẹ̀, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: bí a ti nílò iṣẹ́ àjèjì ni àwọn náà nílò tiwa, ohun tí a bá sì ṣe sí wọn, wọ́n lè ṣe é sí wa. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Sẹ́nétọ̀ Bernie Moreno gbé àbá òfin kan wá ní Amẹ́ríkà, pé kí ilé-iṣẹ́ tí ó bá gbé iṣẹ́ fún ará òkèèrè san 25% lórí owó rẹ̀. Bí irú èyí bá di òfin, àwọn ọmọ wa tí wọ́n jókòó ní Yábàá tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ará ibẹ̀ yóò jẹ nínú ìyà rẹ̀.

Irinṣẹ́ tí a nílò láti mọ iṣẹ́ àjèjì tí ó yẹ kí owó-orí le mọ́ àti èyí tí kò yẹ ti wà nílẹ̀. Láti 1979 ni òfin ti dá ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣàyẹ̀wò àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú àjèjì, tí à ń pè ní NOTAP lónìí, sílẹ̀; báǹkì kò gbọdọ̀ fi owó irú àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láìrí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì ní àṣẹ láti má fọwọ́ sí àdéhùn tí ó bá fẹ́ lọ ra ìmọ̀ tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ní Nàìjíríà. Ọ́fíìsì yìí ni kí ó máa tọ́ agbowó-orí sọ́nà. Níbi tí ọmọ ilé bá ti lè ṣe iṣẹ́ náà, kí ìdámẹ́wàá dúró, kí òfin sì sọ gbólóhùn tí ó gbé ẹrù rẹ̀ lé oníbàárà lórí di asán. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tí ó lè ṣe é, tí àjèjì sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò fi í kọ́ òṣìṣẹ́ wa, kí a dín owó-orí náà kù sí ìdajì títí àdéhùn yóò fi parí, kí NOTAP sì béèrè orúkọ àwọn tí a kọ́ níṣẹ́ kí ó tó tún fúnni ní ìwé ẹ̀rí mìíràn.