Ife Mélòó Ni Ẹgbẹ́ Rẹ Ń Mu?

Ọ̀rọ̀ ọtí ni mo bá wá. Kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn fàájì má tíì pa rédíò yín o. N kò wá bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín: bí ẹgbẹ́ yín bá jókòó níbi àríyá, ife mélòó ni ẹ rò pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń mu?

Ẹ má yára dáhùn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé méjì, Wesley Perkins àti Alan Berkowitz, wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1986. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni kò fara mọ́ ọtí àmupara, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fara mọ́ ọn.

Ibo ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ tí ó mu ife kan tí ó sì lọ sùn, ta ni yóò sọ ìtàn rẹ̀ láàárọ̀? Èyí tí ó mutí yó, tí ó ń pariwo, tí ó bì sẹ́nu ọ̀nà onílé, òun ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ. Bí ẹni mẹ́ta bá ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin ọgọ́rùn-ún, àwọn mẹ́ta náà ni ojú rí. Ọmọ tuntun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ a wá rò pé bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n má baà pe òun ní ará oko, a bu tirẹ̀ mu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òfin ibẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 ra ọtí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 18 ń rí i mu ní kọ̀rọ̀, ó sì ń mu ún kíákíá. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣèwádìí ọtí níbẹ̀ ka ife 5 fún ọkùnrin, tàbí 4 fún obìnrin, láàrin nǹkan bíi wákàtí méjì, sí àmujù. Ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́, láti ọmọ ọdún 18 sí 24, ni ń ti ipasẹ̀ ọtí kú lọ́dọọdún, jàǹbá ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tiwa tí ń kàwé níbẹ̀ kò sì kéré.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn ni ó ń jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́. Alan Marlatt àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle, ni wọ́n dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀: wọn kò pàṣẹ, wọn kò wàásù, wọ́n kàn ń fi ìṣe ọmọ náà hàn án. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ráyè jókòó ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ? Èyí ni wọ́n fi gbé irú ètò yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ San Diego ni ó ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní eCHECKUP TO GO.

Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà lóun nìkan. Ẹ̀rọ yóò bi í: Ife mélòó ni o mu lọ́sẹ̀ tó kọjá? Wákàtí mélòó ni o fi mu ún? Báwo ni o ti wúwo tó? Mélòó ni o rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń mu? Bí ó bá dáhùn tán, èsì yóò yọ. Ká ní ó mu 15, tí ó sì rò pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mu 12. Ẹ̀rọ lè fi hàn án pé 5 péré ni. Yóò tún ṣírò owó tí ó ń ná sí i. Kò sí ẹni tí ó bú u. Òun nìkan ni ó kù sídìí ìṣirò ara rẹ̀.

Mo ń sọ ife, ṣùgbọ́n ife wo? Agolo bíà kan tí ó gba 355 mílílítà, wáìnì 150 mílílítà, àti ọtí líle bíi wisikí 45 mílílítà, agbára ọtí inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bàbá kan ládùúgbò wa a máa búra pé ife kan ṣoṣo ni òun ń mu. Ẹ kò tíì rí ife náà ni!

Ǹjẹ́ ètò yìí ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Wọ́n dán ọ̀kan tí ń jẹ́ AlcoholEdu, tí ó wà fún àwọn ọmọ ọdún kìíní, wò ní yunifásítì 30, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2011. Ní sáà kìíní, àmujù dín kù; nígbà tí ó fi di sáà kejì, ìyàtọ̀ náà ti parẹ́. Àwọn kan lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò ní bá wọn ṣe é. Àwọn onímọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ tuntun. Ẹni tí a bá mú la ìgbà náà kọjá, a ṣe é lóore. Kí òbí má sáà rò pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ òun ṣe.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ gbọ́. Bí ọ̀rẹ́ yín bá mutí, tí ẹ jí i tí kò jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ara rẹ̀ tutù, ẹ má ṣe ní kí ó sùn ún tán. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà há a lọ́fun, kí ẹ sì wá dókítà. Ní Amẹ́ríkà, 911 ni wọ́n ń pè. Àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 a máa bẹ̀rù ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ ti ṣòfin pé a kò ní torí ọtí mímu fìyà jẹ ẹni tí ó wá ìrànlọ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ pè wọ́n.